Inú odi Portchester ni mo ti mọ̀ pé ipa ilé ṣòro láti rí ju odi lọ

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá bi mí pé odi àtijọ́ wo ni mo fẹ́ràn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tèmi ni Portchester, létí òkun nítòsí Portsmouth. Mo mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi iléèwé. Àwọn ará Róòmù ló mọ odi náà ní nǹkan bí ọdún 285 sí 290, kí wọ́n lè fi dáàbò bo etíkun lọ́wọ́ àwọn ajalèlókun. Ó ga tó mítà 6. Nínú ilé-ìṣọ́ 20 tó yí i ká, 16 ṣì wà ní ìdúró. Bí òkun bá kún, omi a dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin ló bi mí pé, "Mọ́mì, nígbà tí àwọn Róòmù lọ tán, ta ló wá ń gbé ibẹ̀?"

Àwọn Saxon ni! Àwọn àjèjì tí wọ́n ti òkè òkun wá, inú odi yẹn gan-an ni wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tí Barry Cunliffe, awalẹ̀pìtàn kan, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1961, òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí ojú ahéré tí wọ́n gbẹ́ wọnú ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n rí kànga, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n ti ri òpó ilé ńlá onígi mọ́lẹ̀. Ní 904, Edward, ọba àwọn Saxon, gba ibẹ̀ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Winchester, ó fi ilẹ̀ mìíràn dípò, ó sì sọ ọ́ di ìlú olódi nítorí àwọn Viking, ìyẹn àwọn ajalèlókun láti ìhà àríwá.

Koríko lásán ló kù níbẹ̀ báyìí. Ó dùn mí gan-an. Odi àwọn ọmọ ogun wà digbí, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ìyá ti dáná, tí wọ́n ti tọ́ ọmọ, kò sí ohun tí ojú lè rí. Mo mú àwọn ọmọ rìn lórí koríko náà, mo ń sọ fún wọn pé ilé èèyàn nìyí.

Àwọn èèyàn dúdú náà ti jìyà níbẹ̀ o. Ní 1796, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tó lé ní 2,000 wá sínú odi náà láti erékùṣù Caribbean, òǹdè ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé.

Ilé-ìṣọ́ gíga tí àwọn Norman, tí wọ́n ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ sí igun kan ni ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré lọ wò, owó sì ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni pápá koríko inú odi náà. Ẹ kọ́kọ́ rin pápá náà yí ká.