Ta ló ń san owó "kíákíá"? Bí a ṣe lè là á yé ọmọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Bí a bá fi fóònù ra oúnjẹ tàbí ọjà kí wọ́n gbé e wá sílé kíákíá, "free delivery" (ìgbéwá ọ̀fẹ́) tó wà lórí fóònù yẹn ló ń tan ọmọ jẹ. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ẹ má fẹnu lásán ṣàlàyé. Ẹ bu ẹ̀wà sínú abọ́. Ẹyọ kan, kìlómítà kan. Ká ní ilé oúnjẹ wà ní Ojúẹlẹ́gba, ilé 5 tó ránṣẹ́ wà ní Ṣómólú, tí àlọ àtàbọ̀ jẹ́ kìlómítà 10. Bí ọlọ́kadà bá sáré lọ sáré bọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà 50 nìyẹn. Bí ó bá dúró kó márààrún pọ̀, tó pín in káàkiri lẹ́ẹ̀kan, ká ní 14 ni. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kà á, kó to òkìtì méjèèjì síra. Èyí tí kò tíì pé ọdún 6, àádọ́ta á sú u. Ilé 3, ẹ̀wà 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó.

Ẹ sọ fún un pé ẹ̀wà yẹn, epo ni, táyà ẹ̀yìn ni, ṣéènì àti búrékì ni. Láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí wọ́n ń ta lítà kan ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe dispatch (tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà wá sílé) ló ń dá owó fún ẹni tó ni ọ̀kadà lójoojúmọ́, iṣẹ́ pọ̀ o, iṣẹ́ ò pọ̀ o. Ìdí rèé tí ìṣẹ́jú 30 tí fóònù ṣèlérí fi ń di eré àsápajúdé lójú títì. Ibi tí òbí ti ń ṣì í ṣe ni "ìwọ lò ń fìyà jẹ bọ̀ọ̀dá yẹn". Ẹ̀rù á kàn ba ọmọ ni, kò ní lóye. Ẹ fún un níṣẹ́: kó wò ó bóyá fóònù wà ní títàn, kó kọ àmì tó hàn mọ́ àdírẹ́sì (géètì aláwọ̀ búlúù, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì), kí owó ti wà nílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dé. Bí ọlọ́kadà bá pè tí ẹ ò gbé e, tó padà, tó tún wá, ẹ ka ẹ̀wà 10 mìíràn lé òkìtì.

Ẹ̀yin ará, ẹ má gbàgbé ìdọ̀tí. Oúnjẹ ẹnì kan: abọ́, ìdérí, ṣíbí ike, nylon ọbẹ̀, nylon ńlá. Ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹ fi àpò kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, kẹ́ ẹ máa kó wọn sí i fún ọjọ́ 7. Ìjọba Èkó kéde ní January 2024 pé òun fòfin de styrofoam (abọ́ funfun fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí), àmọ́ abọ́ ike ló gbapò rẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹ tẹ́ nylon kan sínú asẹ́, ẹ da omi sí i. Omi á dúró, á kún, á dà sílẹ̀. Ohun tí òjò ń bá pàdé nínú gọ́tà àdúgbò nìyẹn, ọmọ kò nílò àlàyé mọ́.

Kì í ṣe gbogbo kíákíá ló burú o. Òògùn ọmọ tí ibà ń ṣe kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ fún ọmọ ní bébà, kó fi ìlà pín in sí "lónìí" àti "Sátidé", kó fúnra rẹ̀ kọ òògùn, bàtà, ìwé àti ṣáwámà síbi tó yẹ. Orí ṣáwámà ni àríyànjiyàn máa wà. Ẹ jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀ tán.