Owó alágbàtọ́ ni, àbí owó àgbàtọ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá méjì ló wà níwájú wa lórí orúkọ tí a ó máa pe owó tí ìjọba ń san nítorí ọmọ ọlọ́mọ tí ẹnì kan gbà tọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan ní kí a pè é ní “owó àjẹmọ́nú alágbàtọ́”, ẹlòmíràn ní “owó ìrànwọ́ alágbàtọ́” ti tó. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni pé èmi náà ti ṣì í pè rí. Wọ́n ní kí n túmọ̀ lẹ́tà kan fún tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ́dọ̀, mo sì kọ “owó oṣù yín” síbi tí lẹ́tà náà ti ń sọ̀rọ̀ owó. Bàbá náà kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ lé orí ìwé náà, ó ní, “Ẹ dákun, bí ọmọ yìí bá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, ṣé wọn yóò san oṣù náà pé fún wa?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, nítorí ẹni tí a bá sọ fún pé owó oṣù ni yóò máa gbà, irú ohun tó yẹ kó béèrè nìyẹn. Èmi tí mo túmọ̀ rẹ̀ ni mo ṣì í lọ́nà. Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ ni pé owó náà ń bá ọmọ rìn: ọjọ́ tí ọmọ bá dé ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá lọ ló dáwọ́ dúró.

Àṣìṣe kan náà ló wà nínú “àjẹmọ́nú”. Nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni àjẹmọ́nú. Ibi tí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ wà nídìí rẹ̀, owó oṣù sì wà tí a fi í lé lórí. “Ìrànwọ́” ní tirẹ̀ kò ṣi ènìyàn lọ́nà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ ló ni ẹrù, a kàn bá a fọwọ́ kún un ni. Ìjọba tó gba ìtọ́jú ọmọ sọ́wọ́ ara rẹ̀ ló ni ẹrù yìí, kì í ṣe alágbàtọ́. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, alágbàtọ́ ló ń ran ìjọba lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san án. Ní England, ìjọba a máa kéde iye tó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ san lọ́sẹ̀, iye yìí sì ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọmọ àti agbègbè tí ilé wà: ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ju ti ìkókó lọ. Owó iṣẹ́ wo ló ń lé sí i nítorí pé ẹsẹ̀ ọmọ ti ju bàtà èṣí lọ? Amẹ́ríkà tilẹ̀ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú òfin tí wọ́n ṣe ní 1980. Wọ́n ka ohun tí owó náà wà fún lẹ́sẹẹsẹ: oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé, àbójútó ojoojúmọ́, ohun èlò ilé ẹ̀kọ́, àwọn nǹkan kéékèèké tí ọmọ ń lò fúnra rẹ̀, owó adójútòfò nítorí ọmọ, àti owó ọkọ̀ tí ọmọ yóò fi lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀. Àbójútó nìkan ló fẹ́ fara jọ iṣẹ́ níbẹ̀. Ti ọmọ ni gbogbo ìyókù.

Síbẹ̀, ẹni tó ní alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ fún ara rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ re. Ọ̀pọ̀ àjọ ìgbàtọ́ ní Britain ló ń san owó mìíràn lé ti ọmọ lórí, nítorí àkókò àti ìmọ̀ tí alágbàtọ́ ń lò. Àwọn agbowó-orí pàápàá mọ̀ pé ọ̀nà méjì lowó náà pín sí. Láti oṣù kẹrin 2023, ilé alágbàtọ́ kì í san owó-orí lórí £18,140 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbà lọ́dún, wọ́n sì tún ń fi £375 kún un fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá bá lò lọ́dọ̀ wọn, tàbí £450 bó bá ti pé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé iye náà sókè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí: apá kan ń tẹ̀ lé ilé, èkejì ń tẹ̀ lé orí ọmọ. Ọ̀rọ̀ méjì la nílò, ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ rò pé èdè wa ti yanjú rẹ̀ fún wa. Àgbàtọ́ ni ohun tí a gbà láti tọ́. Oní tí a fi síwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di alágbàtọ́, gẹ́gẹ́ bí alágbàfọ̀ ṣe ti ara àgbàfọ̀ jáde. Nítorí náà, “owó àgbàtọ́” yóò jẹ́ ti ọmọ, “owó alágbàtọ́” yóò sì jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́ ọ. Inú mi dùn sí i fún ọjọ́ méjì gbáko, àfi ìgbà tí mo rántí “owó àgbàṣe”. Àpò ta ni owó àgbàṣe ń wọ̀? Àpò alágbàṣe ni. Bí òǹkàwé bá gbọ́ owó àgbàtọ́, ibẹ̀ náà ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi mú “owó ìgbọ́bùkátà àgbàtọ́” wá, tí a lè gé sí “owó bùkátà” bí a bá ti pè é tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní inú èdè Hausa la ti yá bùkátà kò purọ́, ṣùgbọ́n a ti lò ó débi pé kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tó ti wá mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé a kì í gbọ́ bùkátà láìsí ẹni tí bùkátà náà jẹ́ tirẹ̀. Fún owó kejì, “ọ̀yà alágbàtọ́” ti tó. Kò sí ìdí láti máa fi ọ̀yà pamọ́ bíi pé ó ń tini lójú.

Ẹnì kan tún béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà ọmọ lè jẹ́ alágbàtọ́. Ó lè jẹ́ ẹ. Ìpínlẹ̀ Illinois kọ̀ láti san owó yìí fún ẹ̀gbọ́n tó gba àwọn àbúrò rẹ̀ tọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dájọ́ ní 1979 pé a kò lè tìtorí ìbátan yọ ọ́ sílẹ̀.

Bí mo bá tún lẹ́tà yẹn kọ lónìí, ohun tí n ó kọ ni: “Owó bùkátà yóò máa wọlé fún gbogbo ọjọ́ tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ yín, ọ̀yà yín dá dúró lọ́tọ̀.” Èyí tí n kò tíì rí orúkọ gidi fún ni owó tí àwọn àjọ kan ń san fún alágbàtọ́ nígbà tí kò sí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, kó má baà wábi gbà lọ. “Owó ìdúródọmọ” ló wà lọ́wọ́ mi, kò sì dùn létí mi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.