Báàgì ìyàwó mi kù sínú dánfó l'Ékòó

Okun o, ẹ̀yin ará. Kàbbà lèmi àtìyàwó mi ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Ékòó. A wọ dánfó láti Kétu lọ sí Òṣòdì. Òjò ń rọ̀, èrò ń ti ara wọn, kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé ká tètè bọ́lẹ̀. Báàgì dúdú ìyàwó mi kù sábẹ́ ìjókòó. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀ wà níbẹ̀, torí ó fẹ́ wáṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kò rí oorun sùn látọjọ́ náà.

A padà sí gáréèjì lẹ́ẹ̀mejì, a fi tó ọlọ́pàá létí. A kò mọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Òṣòdì dáadáa, ọ̀dọ̀ ta làwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn máa ń kó ẹrù tí èrò bá gbàgbé sí?