Ìmọ̀ràn lórí fèrèsé àti ilẹ̀kùn onígi ilé Àgùdà kan l'Ékòó

ỌmọPópó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà kan ni (irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà bọ̀ kọ́), ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, ó sì wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ wó. Fèrèsé 14 ló ní, gbogbo wọn jẹ́ jálóúsì onígi (pákó pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò dagun léra wọn) tó ní abala méjì méjì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn 3. Òjò ti ba ìsàlẹ̀ àwọn fèrèsé jẹ́, ikán sì ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn 2. Káfíńtà tó wá wò ó ní ká yọ gbogbo rẹ̀ dànù ká fi alùmíníọ̀mù sí i. Kí ni ká ṣe? Igi wo ló dára? Ọ̀dọ̀ ta la ó kọ́kọ́ lọ?

AyàwòránIlé
Ẹ má tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ilé bá wà nínú àkọsílẹ̀ National Commission for Museums and Monuments (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìrántí), òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wó o tàbí kó pa ìrísí rẹ̀ dà láìgba àṣẹ àjọ náà, onílé ì báà jẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, àjọ rẹ̀ tó ń jẹ́ LASPPPA ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ilé. Ẹ wádìí èyí tí ilé yín wà nínú rẹ̀, torí ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ìwé tí ẹ ó mú lọ rèé: fọ́tò fèrèsé kọ̀ọ̀kan láti inú àti láti òde, àwòrán odindi fèrèsé ní ìwọ̀n 1:20 (1 cm lórí ìwé dúró fún 20 cm), àti ti ibi tí igi ti so pọ̀ ní 1:5, lẹ́yìn náà, ojú ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sọ ohun tó bàjẹ́ àti bí ẹ ó ṣe tún un ṣe. Ẹ má kọ "ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ fèrèsé 14". Ẹ kọ ohun tó ń ṣe fèrèsé kìn-ín-ní, kejì, títí dé ìkẹrìnlá.

Alùmíníọ̀mù kò yẹ ilé yẹn rárá. Jálóúsì máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé nígbà tí òjò ń rọ̀. Fèrèsé gíláàsì tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè ṣí ju ìdajì lọ, bí òjò bá sì dé, ẹ ó tì í pa ni. Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinubu l'Ékòó, jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n ṣì wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Irú ilé yìí kò pọ̀ mọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tó bá lọ, ó dùn wá.

Ayùn_àti_Ìfági
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ AyàwòránIlé. Kí ẹ tó yọ abala kankan, ẹ fi sísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí hínjì wà. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ síwájú, ó máa parẹ́, abala 28 á sì dàrú mọ́ra. Kò sí méjì tó ṣe déédéé nínú ilé àtijọ́.

Ẹ wá fi ẹnu ṣìkìdíráfà tẹ igi níbi mẹ́ta: ìsàlẹ̀, igun, àti abẹ́ hínjì. Níbi tó bá ti wọlé ju 5 mm lọ láìfi agbára, ó ti jẹrà. Ẹ tún kàn án bí ẹni kan ilẹ̀kùn: ibi tó bá dún bí àgbá òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni 20 sí 30 cm ìsàlẹ̀, torí orí igi tí wọ́n gé lásán níbẹ̀ ló ń mu omi. Òkè rẹ̀ ṣì le bí irin.

Ẹ gé èyí tó jẹrà kúrò, kí ẹ fi 5 cm wọ inú igi tó le. Ojú tí ẹ gé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 6 nínípọn igi: igi 45 mm, ojú gígé 270 mm. Kó dagun síta, kí omi má bàa dúró nínú ojú ìsopọ̀. Irú igi kan náà ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kí ọ̀nà iṣan igi méjèèjì sì dọ́gba. Epoxy (àtè oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀) ni kí ẹ lò. Àtè funfun á tú tí omi bá pẹ́ lára rẹ̀. Bí igi òró méjèèjì (àwọn tó dúró ní ẹ̀gbẹ́) àti igi ìbú ìsàlẹ̀ bá jọ bàjẹ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣe abala tuntun.

ỌjàPákó
Ẹ̀yà igi: ìrókò tàbí apá. Inú igi tó pọ́n ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tó ní etí funfun, torí kòkòrò á jẹ etí funfun ìrókò bó ti wù kó jẹ́ ìrókò tó. Àfàrà àti arère kò ṣe é lò síta. Ọ̀gànwó dára fún inú ilé. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú, tí ń kú ẹnu ayùn, eruku rẹ̀ sì ń yún ojú àti ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà ẹ wọ ìbòjú.

Fún fèrèsé tuntun tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1.5: 2×4×12 (ínṣì 2 ní ínṣì 4, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 12) mẹ́ta fún igi òró àti igi ìbú. Pákó pẹlẹbẹ 36 ni abala kan á gbà, 72 fún fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní 9 mm, fẹ̀ ní 45 mm, gùn ní 320 mm. 1×12×12 kan tí ẹ là sí méjì nínípọn á tó o, á sì ṣẹ́kù fún èyí tó bá là. Ẹ dagun wọn ní 45°, kí àlàfo láti etí òkè ọ̀kan dé etí òkè èkejì jẹ́ 32 mm. Bí àlàfo yẹn bá kọjá 35 mm, ẹni tó wà ní òpópónà á máa rí inú yàrá, òjò á sì máa fọ́n wọlé.

Ayùn_àti_Ìfági
ỌjàPákó, ó yẹ kí ẹ sọ ti gbígbẹ pẹ̀lú. Pákó tútù tí wọ́n là lánàá ni ọ̀pọ̀ ń tà. Pákó ínṣì kan nílò nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ mú mítà tó ń wọn ọ̀rinrin dání lọ sọ́jà: tó bá ju 18% lọ, ẹ má rà á. Tí ẹ bá kan abala nígbà ọyẹ́, ẹ fi àlàfo 3 sí 4 mm yí i ká, torí ó máa wú tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

ỌmọPópó
Ẹ ṣeun púpọ̀. Káfíńtà ní òun á fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kùn ún nítorí ikán, kó tó kun ọ̀dà. Ṣé ó dáa?

Ọlọ́dà
Ẹ má gbà. Ọ̀dà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn láéláé, á máa sun jáde, á sì bo bí èèpo. Solignum tàbí oògùn ikán mìíràn tí a ṣe fún igi ni kí ẹ lò, lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ dáadáa kí ọ̀dà tó kàn án. Ẹ ri ẹnu igi tí ẹ gé bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìfọwọ́kùn nìkan kò tó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù ni ọ̀dà àtijọ́ yẹn. Ọ̀dà ilé tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní òjé nínú. Ẹ má fi sánpépà gbígbẹ ra á, ẹ má sì fi iná jó o: eruku àti èéfín òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ pẹ̀lú omi, kí ẹ máa ha á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí aláboyún àti ọmọdé má sí nílé. Ẹ má gbá ilẹ̀ gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ di gbogbo rẹ̀ sínú àpò.

Lórí ìrókò tuntun, ẹ fi acetone (omi tó ń tú òróró) nu ojú rẹ̀ kí ẹ tó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, torí òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà igi kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kùn kí ẹ tó to abala pọ̀. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ fi ṣe é.

AyàwòránIlé
Mo fẹ́ fi ti férémù kún un. Ẹ má fi símẹ́ńtì dí etí rẹ̀. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ògiri àtijọ́ mí, omi á wá gba inú igi jáde, ohun tó sì ń jẹ férémù yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láìmù ìkọ́lé (òkúta ẹfun tí wọ́n jó) 1 sí yanrìn odò 3 ni kí ẹ pò. Kí ẹ tó yọ férémù, ẹ wo igi tó wà lókè rẹ̀: nígbà míì férémù ló ń gbé e dúró. Ẹ fi òpó irin méjì ti òkè kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ gbẹ́ ojú omi tó jìn ní 8 mm sábẹ́ igi ìsàlẹ̀ fèrèsé, ní 2 cm sí etí iwájú, kí omi má bàa yí padà wọ inú ògiri.

Ayùn_àti_Ìfági
Síkúrù: irin lásán á dógùn-ún nítorí atẹ́gùn òkun, á sì sọ ìrókò di dúdú. Búráàsì tàbí stainless 316 ni kí ẹ rà. Búráàsì máa ń dá, nítorí náà ẹ lu ihò, ẹ kọ́kọ́ fi síkúrù irin kan la ọ̀nà, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó fi búráàsì sí i. Ẹ má sọ hínjì àtijọ́ nù. Ẹ ha á, ẹ fi òróró sí i.

ỌmọPópó
Ó kù ọ̀kan. Ilẹ̀kùn iwájú ní pákó tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí láàárín, ó sì ti là. Káfíńtà fẹ́ fi ìṣó kàn án pa.

Ayùn_àti_Ìfági
Bóyá ìṣó ló là á tẹ́lẹ̀, tàbí àtè tí ẹnìkan ti fi sí etí rẹ̀. Pákó àárín yẹn ní láti máa wú, kó máa sún nínú ojú ihò rẹ̀. Ẹ yọ èèkàn igi tó wà ní igun ilẹ̀kùn, ẹ tú u, ẹ fi epoxy so ibi tó là nìkan, ẹ dá a padà pẹ̀lú àlàfo 2 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láìfi àtè sí i. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tí ikán jẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ lókè, kí ó sì fi 10 mm ga sí ilẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ ilẹ̀kùn yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe ọ̀kan tán kí ẹ wò ó, kí ẹ tó gbé fèrèsé fún un.