Fíìmù ìfẹ́ wo la lè wò ní Kérésìmesì nígbà tí ìyá ọkọ wà nínú pálọ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ìmọ̀ràn ni mo wá bẹ̀ yín fún. Yaba ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ẹnu iṣẹ́ náà ni Kérésìmesì méjì tó kọjá sì ti bá a. Lọ́dún yìí wọ́n fún un ní ìsinmi, yóò sì wọlé ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá. Láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra la ti máa ń jókòó ti ara wa wo fíìmù ìfẹ́ lálẹ́ ọdún, mo sì fẹ́ kí a tún padà sí i.

Ohun tó mú mi tọ̀ yín wá ni pé ìyá ọkọ mi ti ń gbé pẹ̀lú wa láti oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí Bàbá di olóògbé. Pálọ̀ kan ṣoṣo la ní, ibẹ̀ ni Màmá sì máa ń jókòó sí títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. N kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ dá jókòó sí yàrá lọ́jọ́ ọdún nítorí pé èmi àti ọmọ wọn fẹ́ wo fíìmù. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, bí àwọn òṣèré bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ra sílẹ̀ níwájú wọn, n kì í mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí. Ẹ̀rù mìíràn tún ń bà mí: ṣé fíìmù ìfẹ́ kò ní dà bí ìgbà tí a ń fi iyọ̀ sójú ọgbẹ́ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Alẹ́ mẹ́ta ni mo ń wá fíìmù fún, ọjọ́ 24, 25 àti 26. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká wò?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bùtè Mẹ́tà:
Ẹ kú ìrètí ọkọ yín. While You Were Sleeping, tó jáde ní 1995, ni mo máa kọ́kọ́ mú fún yín. Sandra Bullock ló ṣe ọmọbìnrin kan tó ń gba owó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin nílùú Chicago, tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí wọ́n sì fi síṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì nítorí pé kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé. Ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí láti òkèèrè já sí ojú irin, ọmọbìnrin yìí sì gbà á sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Nílé ìwòsàn, wọ́n ṣì í mú fún àfẹ́sọ́nà ọkùnrin náà tí kò tíì lajú, ni gbogbo ẹbí bá gbà á mọ́ra, wọ́n sì mú un wọlé wá jẹ Kérésìmesì. Ibi tí ìtàn náà ti wọ̀ mí lára jù ni pé ẹbí yẹn gan-an ni ọmọ náà kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí ìfẹ́ tó wá wọ àárín òun àti arákùnrin ọkùnrin tó sùn yẹn. Kò sí ibi tí ẹ ó ti máa wá rìmóòtù kiri. Mo wò ó pẹ̀lú ìyá ọkọ tèmi, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ pé, “Ìyàwó, ọmọ yẹn rí ilé.”

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Ìkìlọ̀ ni tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Love Actually ti ọdún 2003 fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí Màmá bá ti sùn. Àwọn méjì kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wà ní ìhòòhò dípò àwọn òṣèré gidi, nígbà tí wọ́n bá ń to iná àti kámẹ́rà, ó sì pọ̀ ju ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ bò lọ. Nínú fíìmù yẹn kan náà, obìnrin tí Emma Thompson ṣe rí ẹ̀gbà ọrùn nínú àpò kóòtù ọkọ rẹ̀, ó rò pé tòun ni. Àwo orin ni wọ́n wá gbé lé e lọ́wọ́ nígbà tí àkókò ẹ̀bùn tó, ó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ni ẹ̀gbà náà. Ó wọ yàrá, ó nu ojú rẹ̀, ó tún ibùsùn ṣe, ó sì jáde sí àwọn ọmọ rẹ̀. N kò rí ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà mọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ti ìrìn àjò bọ̀ kò yẹ kó fi í ṣe ìkíni káàbọ̀.

Fún ọjọ́ 26, ẹ wo The Wedding Party tí Kemi Adetiba darí. Kérésìmesì kọ́ ni ìtàn rẹ̀ dá lé, àmọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló jáde, àwa ará Èkó sì tú jáde lọ wò ó nínú ọdún náà. Ọmọ Yorùbá ni ìyàwó, ọmọ Igbo ni ọkọ, Sola Sobowale sì ni ìyá ìyàwó. Màmá yóò gbọ́ Yorùbá tó dùn létí, inú wọn yóò sì dùn pé ìyàwó náà pa ìbálé rẹ̀ mọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé Adesua Etomi àti Banky W, tí wọ́n ṣe ọkọ àti ìyàwó nínú eré náà, di tọkọtaya lóòótọ́ ní 2017.

Àbúrò yín, Surulere:
Ẹ jẹ́ kí n fi The Best Man Holiday àti Sleepless in Seattle kún un. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ tó pàdé ní Kérésìmesì lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nínú ìkejì, ọmọ kékeré kan pe rédíò ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì láti wá ìyàwó fún bàbá rẹ̀.

Olùkọ́ kan, Ìkẹjà:
Bí ẹ bá lè fara da fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun, ẹ wo The Shop Around the Corner tí Ernst Lubitsch ṣe ní 1940. Ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Budapest ni ọkùnrin àti obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn kì í sì í gbọ́ ara wọn yé; síbẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn láìmọ̀, nítorí pé orúkọ kò sí nínú lẹ́tà. Alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ni gbogbo rẹ̀ lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọdún méjì bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù yóò mọ ìdí tí ohùn ẹni tí kò sí nílé fi máa ń dùn ju ti ẹni tó ń jókòó tini lọ, àti bí ó ṣe máa ń gba sùúrù kí àwọn méjèèjì tó padà di ẹyọ ẹnì kan. Kò sí ìhòòhò kankan níbẹ̀. Ohun tó jẹ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ yín ni kí ẹ fi ṣe ògbufọ̀: kí ó jókòó sáàárín ẹ̀yin méjèèjì, kí ó máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Opó kan, Agége:
Ọmọ mi, ọdún kẹfà rèé tí ọkọ mi ti fi mí sílẹ̀, nítorí náà mo lè dáhùn apá tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti kúrò lára Màmá nítorí pé wọ́n di opó. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń fẹ́ra, ilé sinimá ìhín la máa ń lọ, èyí tí a fi ń pe oríta yẹn ní Pen Cinema títí dòní tí wọ́n ti gbé afárá gba orí rẹ̀. Fíìmù Íńdíà la máa ń wò. A kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, síbẹ̀ a mọ ẹni tó ń parọ́, a sì mọ ẹni tó fẹ́ni dénú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ mi á yára yí tẹlifíṣọ̀n sí ibòmíràn bí tọkọtaya bá ti dì mọ́ra, wọn kì í sì í dárúkọ bàbá wọn níwájú mi. Wọ́n rò pé wọ́n ń ṣàánú mi ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà kò gbé ilé ayé rí. Ìyẹn ló dùn mí ju ikú lọ. Ẹ wo fíìmù yín. Bí Màmá bá sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún, kí o sì bi wọ́n léèrè bí Bàbá ṣe kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

Àìsàn àti òkú nìkan ni n kò fọwọ́ sí ní ọdún àkọ́kọ́. Nínú The Best Man Holiday, jẹjẹrẹ pa ìyàwó ilé, wọ́n sì ṣe ìsìnkú rẹ̀ lójú wa. Sleepless in Seattle, láti itẹ́ òkú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bùtè Mẹ́tà:
Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ má gbàgbé láti gba àwọn fíìmù náà sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 23, kí ẹ sì ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè, Yaba:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ti Budapest la ó wò ní ọjọ́ 24 kí a tó lọ sí ìsìn òru, ti Sandra Bullock ní ọjọ́ Kérésìmesì, The Wedding Party ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọkọ mi ti gbà láti ṣe ògbufọ̀.

Lálẹ́ àná, mo gba ìmọ̀ràn Màmá Agége, mo sì bi ìyá ọkọ mi léèrè. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, ẹ̀rù sì bà mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdíkọ̀ ojú irin Ìddó ni, pé Ìbàdàn ni àwọn ń lọ, àti pé Bàbá tí kò ní nǹkan kan í ṣe ní Ìbàdàn ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó lè jókòó ti àwọn. Ọkọ mi kò gbọ́ ìtàn yìí rí láti kékeré. Mo ti bẹ Màmá pé kí wọ́n má tíì sọ ọ́ fún un lórí fóònù, kí wọ́n jẹ́ kí ó dé ná.