Ẹ̀yin tó ń rọ ọ̀bẹ nílé l'Óṣogbo, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òròkí (Òkè-Baálẹ̀)

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ẹ̀rọ wo ni mo rà. Mi ò ra ẹ̀rọ kankan. Irin ni mo kọ́kọ́ wá, torí ẹni tó ní gbogbo ẹ̀rọ ayé tí irin rẹ̀ ò dáa, asán ló ń lù.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta irin kóńdẹ̀mù, rọ́ọ̀dù ìkọ́lé ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Irú rọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ torí ẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìyírin sílẹ̀ nílùú wa nígbà kan, kò sóhun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ilé ló wà fún. Kábọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí irin le, kéré. Ẹ fi iná jó o dalẹ́, kò ní le. Súpíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ẹ bi àwọn mẹkáníìkì. Kábọ̀nù tiẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì tó fún ọ̀bẹ ìdáná àti àdá. Àmọ́ ẹ má fi ẹnu lásán rà á. Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó pọ́n yòò nínú iná, ẹ jù ú sómi, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ wá fi òòlù lù ú. Tó bá ṣẹ́ pẹ́kí, ẹ sanwó. Tó bá tẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Ààrò mi ò ju ríìmù mọ́tò àlòkù lọ. Mo po amọ̀ òkìtì ọ̀gán mọ́ eérú, mo fi rẹ́ inú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó dáná sí i, torí amọ̀ tútù máa ń là. Àwọn bàbá wa ì bá lo ẹwìrì. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn nínú mọ́tò ni èmi ń lò, báátìrì 12V ló ń gbé e. Iná wà o, iná ò sí o, iṣẹ́ ń lọ. Èédú tí àwọn tó ń sun àgbàdo ń lò náà ni.

Orí hámà ńlá kan tí mo rì mọ́ kùkùté igi ni mo ń lu irin lé. Ẹnì kan ti gbé irin ojú ọ̀nà rélùwéè wá bá mi rí, ó ní kò sóhun tó dáa tó o. Òótọ́ ló sọ. Ẹrù ìjọba sì ni. Ẹni tó bá ń wá ọlọ́pàá lálejò ni kó rà á.

Ìyá tó wà ní yàrá kejì ní ṣé mo ti di ọlọ́rìṣà Ògún ni. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, mà, ọ̀bẹ ni mò ń rọ. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí n gbé òòlù sílẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tó ta kókó jù lẹ fò yẹn, bí wọ́n ṣe ń fi iná àti òróró mú irin le.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àìlówó ni kò jẹ́ kí bàbá mi la fèrèsé sí àgbẹ̀dẹ wọn. Àṣé òkùnkùn yẹn ni wọ́n fi ń rí àwọ̀ iná lára irin. Nínú oòrùn, irin tó ti gbóná kọjá ààlà máa dà bí ẹni pé kò tíì pọ́n. Nítorí náà, abẹ́ òrùlé ni kí ẹ gbé ààrò sí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì mọ àwọ̀ náà, kó wá mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Tí irin bá ti gbóná dé nǹkan bí 770°C, mágnẹ́ẹ̀tì ò ní lè fà á mọ́. Ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ ju ìyẹn lọ, kí ẹ wá ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ òróró, gbọnrangandan, ẹ má jù ú sọ́tùn-ún sósì kó má baà wọ́. Òróró ìdáná tí ẹ ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́ ni o, nínú agolo onírin tó ní ìdérí, torí ó lè gbiná. Omi máa ń la súpíríǹgì. Ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnì, èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn ṣì fi ń lò ó.

Tó bá jáde, ẹ fi fáìlì onírin rin ín. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti le, àmọ́ kò tíì dọ̀bẹ; tó bá já bọ́ lórí simẹ́ńtì, ó lè ṣẹ́ sí méjì. Ẹ gbé e sínú ófùn ní 200°C fún wákàtí méjì, lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ófùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń yan kéèkì l'Áyétòrò ni mò ń yá. Tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ojú irin náà kó dán, ẹ máa rí i tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ. Ìyẹn ló dáa. Tó bá di búlúù, ó ti rọ̀ jù fún ọ̀bẹ ìdáná.

Ìyá Alámàlà (Ìgbọ̀nà)

Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ kan ládùúgbò. Ó mú, ó sì ń pẹ́ kó tó kú, mo ti fi gé pọ̀ǹmọ́ títí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ó máa ń dípẹtà! Tí mo bá fi gé tòmátò tí mi ò nù ún kíá, ó ti dúdú nìyẹn. Èèkù rẹ̀ sì rí roboto, tí epo bá ti kàn án, ó ń yí lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀bẹ ò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ọmọ Òròkí

Mà, ẹ bá wa wí. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lójú lálaalẹ́, ìpẹtà á dín kù. Ti èèkù, igi àpá ni mò ń lò, àjẹkù tí àwọn onísọ́míìlì ń dà nù. Mo máa ń gbẹ́ ẹ pẹlẹbẹ níkùn, kó sanra díẹ̀ nídìí, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ojú ọ̀bẹ kọ sí láìwò ó. Gọ́ọ̀mù Araldite àti ìṣó bráàsì méjì ló ń dì í mú.

Wẹ́dà (Òkè-Fìà)

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi páìpù omi ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ ààrò, ẹ wò ó dáadáa. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, tó ń dán, tí iná bá mú un, èéfín funfun ló máa yọ. Tí ẹ bá fà á símú, ibà àti òtútù ló máa bá yín sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Irin dúdú ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá wá ra ẹ̀rọ tó ń lọ irin, ẹ má yọ ìbòrí díìsì rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níhìn-ín. Díìsì máa ń fọ́, ojú ló sì sábà máa ń wá.

Ìyá Alámàlà

Ọmọ Òròkí, ẹ bá mi ṣe méjì onípẹlẹbẹ yẹn. Ọ̀kan kékeré fún ata, ọ̀kan fún ẹran. Elòó ni?