Òróró wo ló yẹ ilẹ̀kùn ìrókò tó wà níta, báwo la sì ṣe ń pa á?

Ọmọ Òkè-Bọ́là:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ni, ìrókò gidi, ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 3. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, òjò sì máa ń fẹ́ lù ú. Fáníìṣì ara rẹ̀ ti ń ṣí, abẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Ẹnì kan ní epo pupa ni kí n fi pa á, ẹlòmíì ní ọ́ìlì mọ́tò àlòkù. Èwo ni ká ṣe?

Káfíńtà Àgbà:
Ẹ má fi epo pupa pa á o. Kì í gbẹ, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì àlòkù, igi òrùlé ni wọ́n ń fi pa nítorí ikán. Tó bá kan ilẹ̀kùn, á sọ ọ́ di dúdú, á máa yí mọ́ aṣọ, òróró mìíràn kò sì ní wọlé mọ́.

Linseed oil, òróró tí wọ́n fún láti inú hóró ewéko flax, ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára. Èyí tí wọ́n kọ “raw” sí lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ bó fáníìṣì náà tán pátápátá, torí òróró kì í wọ ibi tó bá kù. Sandpépà 80 lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, 120 tó kúná jù ú lọ lẹ ó fi parí, kí ẹ máa fà á tẹ̀lé ìlà igi. Ojú igi tó bá dán jù kì í mu òróró. Ẹ má fi wáyà irin ha á rárá: èérún irin tó bá há sínú igi, tómi bá kàn án, àmì dúdú ló máa dá. Ẹ gbọn eruku kúrò, kí ẹ fi akísà tí ẹ rẹ sínú tínà nù ún, nítorí ìrókò ní oje kan nínú tí kì í jẹ́ kí òróró tètè gbẹ.

Àkọ́kọ́, ẹ po òróró àti tọpẹntáìnì ní ìdajì-ìdajì. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ wá fi akísà gbígbẹ nu gbogbo èyí tí igi kò mu. Ibí yìí niṣẹ́ ti ń bàjẹ́: inú igi ni òróró ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá dúró sójú á kàn máa lẹ̀ ni. Lẹ́yìn wákàtí 24, òróró 3 sí tọpẹntáìnì 1. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òróró lásán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìdajì lítà tó fún ojú òde.

Ẹ yọ ilẹ̀kùn náà kúrò lára férémù kí ẹ lè pa ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń mu omi jù, ẹ máa pa á títí kò fi ní mu mọ́.

Ìyá Oníkun:
Ẹ jọ̀ọ́, akísà yẹn ńkọ́? Òróró yìí máa ń gbóná bó ṣe ń gbẹ. Akísà tí ẹ bá ká jọ sí kọ̀rọ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síta títí wọ́n á fi gan, tàbí kí ẹ rì wọ́n sínú agolo omi tó ní ìdérí.

Ọmọ Òkè-Bọ́là:
Ẹ ṣeun gan-an. Àkókò wo ló dáa, ìgbà wo la sì máa tún un pa?

Káfíńtà Àgbà:
Ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí igi ti gbẹ dénú. Àárọ̀ ló dáa jù fún ilẹ̀kùn yín, kí oòrùn tó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá ń pa igi, òróró á ti ki kó tó wọlé. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀.

Ní ti àtúnṣe, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Bó bá ṣù róbótó, ó ṣì dáa. Bí igi bá mu ún tó sì dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àsìkò ti tó. Pẹ̀lú oòrùn ìrọ̀lẹ́ yẹn, á tó ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi, kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, sandpépà 180 díẹ̀, òróró ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìyá Oníkun:
Kí n fi kún un: linseed tí kò ní àwọ̀ kì í dí oòrùn, igi á tún padà di eérú. Ẹ wá òróró igi ìta tó ní àwọ̀ búráùn díẹ̀ àti oògùn tí kì í jẹ́ kí igi bu, torí linseed lásán máa ń hu àmì dúdú lásìkò òjò. Bó bá ṣì ń lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi akísà tí ẹ rẹ sínú tọpẹntáìnì fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má pa òmíràn lé e.